Ipasẹ̀ Ibà Lórí Iyanrìn Ọjọ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìlera. Kí àwọn tó ga jókòó sẹ́yìn, kí àwọn tó kúrú bọ́ síwájú, kí ẹni tó ní ẹ̀pà lọ́wọ́ sì gbé e wá sí ọ̀dọ̀ mi, nítorí ẹnu ọdẹ kì í ṣí dáadáa bí kò bá rí nǹkan jẹ. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ará Òkè-Àparò. Ẹfọ̀n tí mo pa nígbà èwe mi, awọ rẹ̀ nìkan fẹ̀ tó láti bo òrùlé ààfin. Ẹkùn tó bá gbọ́ ikọ́ mi nínú igbó, ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ ni yóò máa bèèrè. Bí ẹnìkan bá ní mò ń fọ́nnu, kó rántí pé aláǹgbá tó já láti orí ìrókò ní bí ẹnìkan kò bá yin òun, òun yóò yin ara òun.

Olùkọ́ yín ló kó yín wá. Ó ní ẹ ń kọ́ bí a ṣe ń wo àìsàn láti ọjọ́ dé ọjọ́, láti ọdún dé ọdún, kí a lè mọ ìgbà tí yóò tún wá àti ohun tó ń ṣáájú rẹ̀. Ó dárúkọ ẹ̀kọ́ náà fún mi. Orúkọ náà gùn, mo ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yìí, Fẹ̀hìntọlá, tó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó jókòó, mo sì gbọ́ ọ. Ó ní òun fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ó ní ìlà tó ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, ni òun ń wò láti òwúrọ̀ dalẹ́, òun kò sì rí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Ọmọ mi, má tíì lọ. Jẹ́ kí n sọ bí èmi náà ṣe lọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nínú Igbó Àná, nítorí ẹsẹ̀ ìyàwó ọmọ mi.

Ní ìlú wa, bí wọ́n bá mú ìyàwó tuntun dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, kò gbọdọ̀ wọlé títí ìyá ilé yóò fi bu omi tútù wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, gbogbo àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ohun tí ẹsẹ̀ náà gbé wọlé. Bí ewúrẹ́ bá bí ìbejì, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ìyàwó dára. Bí ọkọ bá já lórí ọ̀pẹ, ẹsẹ̀ ìyàwó náà ni. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè bóyá ọkọ náà ti ń já lórí ọ̀pẹ tẹ́lẹ̀.

Àwẹ̀ró ni ọmọ mi Ọdẹ́wálé fẹ́. Bí Àwẹ̀ró bá ń ti odò bọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tí ó rí i pé eyín mi ti ń dẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún ẹran mi lódó kó tó gbé e wá, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn ọmọ náà gidigidi, mo sọ ọ́ síta, ojú kò tì mí. Ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ló wọlé wá. Ìbíyẹmí ìyàwó mi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, òjò sì rọ̀ lé omi náà lórí, a yọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbàdo ń yọ irun, ibà bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọdé. Àwọn kan dìde, àwọn kan kò dìde mọ́. Oyèlámì, ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin aládùúgbò wa bí lẹ́yìn ìrètí gígùn, wà lára àwọn tó lọ. Ìyá Oyèlámì sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ó gba ààfin lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wa, ó ní, “Kábíyèsí, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Kí ìyàwó Ọdẹ́wálé tó dé, ta ló gbọ́ ọ rí pé ibà pa ọmọ ní ìlú yìí?”

Àwọn ènìyàn wo ara wọn lójú. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí. Ọba náà kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n ìlú ti gbóná. Ó ní, “Ọdẹ́rìndé, bí a bá jẹ iṣu tuntun tí a kò tíì mọ ibi tí ibà yìí ti wá, ìyàwó ilé rẹ yóò padà sí ilé bàbá rẹ̀.” Oyún sì ti wà nínú Àwẹ̀ró nígbà náà.

Nígbà tí a délé, ó kúnlẹ̀ sí iwájú mi. Ó ní, “Bàbá, bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ni lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ. N kò fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn kú nítorí mi.” Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ àlejò. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo ní, “Dìde, ìyàwó mi. Ohun gbogbo tó ń rìn ló ní ipasẹ̀. Bí ibà bá rìn wọ ìlú yìí, èmi Ọdẹ́rìndé yóò tọpa rẹ̀ débi tó ti ń bọ̀.” Ìbíyẹmí di iṣu sísun àti ẹran gbígbẹ fún mi. Ó ya ẹnu bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé. Mo rò pé ẹwà mi ló ń wò tí kò fi lè sọ̀rọ̀, nítorí mo rẹwà púpọ̀ nígbà náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ gbé ẹ̀pà wá.

Mo wọ Igbó Àná, níbi tí gbogbo ọjọ́ tí a ti lò ti ń lọ sùn. Ewé tó ti gbẹ ní ìgbà ọyẹ́ ọdún mìíràn ṣì tutù lórí igi níbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi nígbà tí mo wà ní kékeré, mò ń pe ewúrẹ́ ìyá mi wálé. Mo fẹ́ dúró gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo rántí Àwẹ̀ró, mo tẹ̀ síwájú.

Kò pẹ́ tí mo rí iwin kan tó ga bí ọ̀pẹ. Mo yọ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ọdẹ. Èmi kò mọ̀ pé ìpàkọ́ ni ojú rẹ̀ méjèèjì wà. Ó ti ń wò mí bọ̀ láti òkèèrè, ó kàn na ọwọ́ mú mi lọ́rùn ni.

Ó ní, “Ìwọ tí ojú rẹ wà níwájú, kí ni o rí tí ọ̀la gbé dání?”

Mo ní, “N kò rí nǹkankan.”

Ó ní, “Kí wá ni ìwúlò ojú iwájú?” Ó sọ mí kalẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ojú-Ẹ̀yìn, ọ̀nà kan náà sì ni a jọ ń lọ. Nígbà tí a rìn díẹ̀, ó ní, “Rọra o, àbàtà wà níwájú wa.” Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń wo ẹ̀yìn ló ń júwe iwájú fún Ọdẹ́rìndé. Mo gbé ìgbésẹ̀ ńlá, mo sì rì dé ìbàdí.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Ojú-Ẹ̀yìn tó na ọ̀pá sí mi. Nígbà tó fà mí jáde tán, mo bi í pé oògùn wo ló lò. Ó ní, “Oògùn kọ́. Ipasẹ̀ wa ni mò ń wò bí a ti ń bọ̀. Lókè lọ́hùn-ún kò jìn. Ní ìdí igi yẹn ó jìn díẹ̀. Níbí ó tún jìn sí i. Ilẹ̀ tó ń rọ̀ bọ̀ kì í déédéé le. N kò rí àbàtà o, ibi tí ilẹ̀ ń lọ ni mo rí.”

Mo ní, “Ṣé o kì í ṣì í?”

Ó ní, “Mo máa ń ṣì í. Nígbà mìíràn òkúta ló máa ń wà níbi tí mo ti ń retí omi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń na ọ̀pá síwájú kí n tó gbé ẹsẹ̀.”

Ẹ wo olùkọ́ yín bó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé ó mọ iwin náà.

Nígbà tí igbó tán, Ojú-Ẹ̀yìn dúró. Ó ní òun kì í wọ ìlú tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, nítorí àwọn ará ibẹ̀ kò ní àná. Òní-Nìkan ni orúkọ ìlú náà. Bí mo ti tẹ ẹnu bodè wọn, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, wọ́n sì ti ń retí òjò tipẹ́. Gbogbo wọn tú jáde. Wọ́n gbé mi sí èjìká, wọ́n ní ẹsẹ̀ àlejò yìí dára. Wọ́n gún iyán, wọ́n pa adìẹ, wọ́n fi mí joyè. Kí n má purọ́, mo gbádùn rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, èmi náà ti gbà pé èmi ni mo mú òjò wá. Mo tilẹ̀ sọ fún wọn pé ní ìlú wa, mo máa ń mú oòrùn náà wá bí wọ́n bá bẹ̀ mí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìjì dá ẹ̀ka igi lu ilé ìjòyè kan. Àwọn tó gbé mi sí èjìká lánàá ló wá dè mí mọ́ òpó. Mo ké pé èmi kọ́ ni ìjì. Baálẹ̀ wọn wò mí tàánútàánú. Ó ní, “Àlejò, kí o tó dé, ǹjẹ́ ẹ̀ka já lu ilé ìjòyè wa rí?”

Mo ní, “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?”

Ó ní, “Àwa náà kò mọ̀. Ìwọ ni a rí.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí okùn ti ń jẹ mí lọ́wọ́ níbi òpó yẹn ni ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Tẹ́lẹ̀, àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ṣùgbọ́n àánú yàtọ̀ sí kí wọ́n fi okùn kan náà dè yín. Omi bọ́ lójú mi. Mo ń ronú bó ṣe ń jí láràárọ̀, tó ń jáde sáàrin àwọn ènìyàn tí wọn kò mọ nǹkankan nípa rẹ̀ ju pé òun ni wọ́n rí.

Àgbébọ̀ kan tó ń sàba pamọ ní ìdí òpó mi, wọ́n sì ní èmi ni mo fà á. Wọ́n tú mi, wọ́n tún fẹ́ fi mí joyè. N kò dúró gbà á. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, pàápàá ní irú ìlú yẹn. Mo sá.

Mo rìn títí mo fi dé etí odò kan tí omi rẹ̀ kì í pariwo. Iyanrìn ibẹ̀ funfun, ó tẹ́ lọ títí ojú kò fi tó òpin rẹ̀. Obìnrin arúgbó kan jókòó síbẹ̀, ó ń ṣa ewé gbígbẹ kúrò lórí iyanrìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣa nǹkan kúrò lára ọmọ tó ń sùn. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Yèyé.”

Ó ní, “O kú ìrìn, Ọdẹ́rìndé. Ṣé ìwọ lo mú òjò wá fún àwọn ará Òní-Nìkan?”

Ojú tì mí. Mo ní, “Ẹ má bínú, Yèyé. Adìẹ wọn ló dùn.”

Ó rẹ́rìn-ín. Arínúọjọ́ ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí ìlú kọ̀ọ̀kan ti lò, orí iyanrìn yẹn ni wọ́n tò sí lẹ́sẹẹsẹ, àná lẹ́yìn òní, ìjẹta lẹ́yìn àná. Ohun tó bá rìn kọjá nínú ọjọ́, ipasẹ̀ rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ó nawọ́ sí ọ̀kan, ó ní ti Òkè-Àparò nìyẹn, kí n kà á.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga, nítorí ta ló fẹ́ kọ́ mi ní ipasẹ̀? Mo rí ipasẹ̀ ibà, ó pọ̀ nílẹ̀ ní ìgbà àgbàdo tí Oyèlámì kú. Mo rí ipasẹ̀ Àwẹ̀ró tó wọlé ṣáájú rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn ìyẹn, láti ọdún dé ọdún. Ilẹ̀ náà funfun, kò sí nǹkankan. Mo jókòó sórí iyanrìn, mo ní, “Yèyé, ṣé ẹsẹ̀ ọmọ náà ni lóòótọ́?”

Ó ní, “Kí ni wọ́n wí nílé?”

Mo ní, “Wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí.”

Ó ní, “Ṣé àjẹ́ kò ké níjẹta ni? Ta ló kú níjẹta? Ọjọ́ tí ọmọ kú, tí àjẹ́ kò sì ké, ńkọ́?” Mo tún wo ilẹ̀ náà. Ó ní, “Fi ọwọ́ kan ilẹ̀ funfun yẹn.”

Mo fi ọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ tí ẹran kò gbà kọjá, ewé á já sí i, èèrà á ti rìn níbẹ̀. Eléyìí mọ́ jù. Mo fi ìka tẹ̀ lé e, mo sì rí ojú ìgbálẹ̀, fínnífínní. Mo ní, “Wọ́n gbá a ni.”

Ó ní, “Àwọn ìyá ló gbá a. Ní ìlú yín, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ọmọ kékeré bá sì kú, wọ́n á ní kí ìyá rẹ̀ má dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí èyí tó ń bọ̀ lè dúró. Ìyá á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá a. Olúkúlùkù ń gbá tirẹ̀, olúkúlùkù sì rò pé òun nìkan ni. Ilẹ̀ tó ṣófo yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí a gbá, Ọdẹ́rìndé. Ọdẹ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn, kó lọ máa gbin ẹ̀fọ́.”

Mo bẹ̀ ẹ́ kó mú ipasẹ̀ náà padà. Ó ní òun kò lè ṣe é, àwọn tó gbá a nìkan ló lè mú un padà. Ṣùgbọ́n ó mú mi lọ sórí iyanrìn ìlú kan tó ti tú tipẹ́, tí wọn kì í gbálẹ̀, ó ní kí n fi ìyẹn kọ́ iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ náà le. Gbogbo ìgbà tí mo bá fi ìkánjú dáhùn, ìbọn èjìká mi á wúwo sí i.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ipasẹ̀ kan ṣoṣo; ìbọn wúwo. Ó ní kí n gun igi, kí n wo gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ ná. Láti òkè, mo rí i pé ibà kì í ṣe alárìnkiri. Ó ní ìgbà tó máa ń wá àti ìgbà tó máa ń lọ, lọ́dọọdún, bí ẹyẹ òjò. Arínúọjọ́ ní kí n tún wò ó bóyá ipasẹ̀ ọdún kan pọ̀ ju ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó pọ̀ jù ú lọ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí láti ọdún dé ọdún. Mo rí ipasẹ̀ kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, mo fẹ́ wá ìdí fún gbogbo wọn. Ó ní, “Eruku ọjọ́ nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ewé tó mì ni ẹran wà lábẹ́ rẹ̀.”

Lẹ́yìn náà mo rí ipasẹ̀ mìíràn tó máa ń ṣáájú ti ibà. Òjò ni. Bó bá ti kọjá, bí oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ibà á dé. Mo fò sókè. Mo ní, “Yèyé, òjò ló ń pa wọ́n.” Ìbọn náà tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, imú mi wọ inú iyanrìn.

Arínúọjọ́ ní, “Òjò ṣáájú, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣáájú ẹni wọ ìlú kọ́ ló pe ẹni wá. Kí ló wà láàrin wọn?”

Mo wò títí. Nígbà tó yá mo ní, “N kò mọ̀, Yèyé.” Ìbọn mi sì fúyẹ́ bí ìyẹ́ àparò. Ó fọwọ́ kan orí mi bí ìyá mi ti máa ń ṣe. Ó ní, “O ti mọ ọ̀nà báyìí. Máa lọ sílé. Lọ wá ohun tó wà láàrin wọn. Kí o sì rántí, bí ibà bá lọ ní ìgbà tó máa ń lọ tẹ́lẹ̀, má jó.”

Mo délé nígbà tí iṣu tuntun ti ń ya ilẹ̀. Mo ní kí wọ́n da iyanrìn odò sí àgbàlá ààfin, mo sì tẹ́ ẹ gùn bí ọ̀nà oko. Mo pín in sí ọdún kọ̀ọ̀kan. Nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, mo fi kóró agbálùmọ̀ sàmì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo fi ṣùkù àgbàdo sàmì ìgbà àgbàdo, mo fi èèpo iṣu sàmì ìgbà iṣu. Nígbà náà ni mo sọ pé kí gbogbo ìyá tí ibà ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí mú òkúta kan, kó wá gbé e sí ibi tó bọ́ sí.

Àgbàlagbà kan dìde. Ó ní, “Ọdẹ́rìndé, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

Mo ní, “Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. N kò ní ka ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́mọ ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Kó má sọ̀rọ̀ bí kò bá fẹ́. Kó ṣáà rántí ohun tó wà lóko nígbà náà.”

Kò sẹ́ni tó mira. Àwẹ̀ró dúró lẹ́bàá ògiri, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ń wo ilẹ̀. Mo ti ń rò pé òfo ni ìrìn-àjò mi já sí.

Ìbíyẹmí ìyàwó mi ló dìde. Ó mú òkúta kan tó funfun, ó rìn kọjá gbogbo ọdún tí ẹnikẹ́ni ń fojú sí, títí dé ìdí iyanrìn lọ́hùn-ún, níbi tí a kò tíì bí Ọdẹ́wálé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé òkúta náà sí ẹ̀gbẹ́ ṣùkù àgbàdo. Ó dúró pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, èmi ló wò. Ó ní, “Ọdẹ́fúnkẹ́ ni. Àgbàdo ń yọ irun nígbà náà. Ó ti ń bi mí léèrè pé ìgbà wo ló máa gbó.”

Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti lọ, n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi. A jọ jẹun, a jọ sùn, a jọ darúgbó lórí orúkọ yẹn. Mo lọ bá a, mo dì í lọ́wọ́ mú níwájú ọba àti ìjòyè. Fẹ̀hìntọlá, o ní o kò rí ènìyàn nínú ìlà tó ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀. Èmi rí ọmọ mi níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n fà lọ́wọ́ wá. Ìyàwó ọba gan-an. Obìnrin tó ń ta epo, tí a rò pé kò bímọ rí. Wọn kò pariwo, òkúta nìkan ló ń dún kẹ́kẹ́ lórí ara wọn. Nígbà tó kù díẹ̀, Ìyá Oyèlámì dìde pẹ̀lú òkúta tirẹ̀, ó gbé e sí ọdún tí a wà. Ó wo òkìtì ọdún rẹ̀, ó wo ti èṣí, ó wo gbogbo rẹ̀ lọ títí dé ọ̀dọ̀ òkúta funfun lọ́hùn-ún. Ó ní, “Oyèlámì kò dá lọ.” Ó sì jáde kúrò láàrin wa.

Mo ní kí Kábíyèsí gun òkè àjà, kó wò ó láti ibẹ̀. Kò pẹ́ lókè tó fi rí i. Ní ìdí ṣùkù àgbàdo lọ́dọọdún ni òkìtì wà. Òkúta tó wà lẹ́bàá agbálùmọ̀ kò tó nǹkan. Òkìtì wọ̀nyí sì ń ga díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí a kò tíì bí Àwẹ̀ró. Ọba sọ̀ kalẹ̀, ó ní, “Ìyàwó, máa lọ sílé ọkọ rẹ. Kò sí ibi tí ìwọ ń lọ.”

Ohun tó wà láàrin òjò àti ibà ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Àwẹ̀ró náà ló bi mí nígbà tó ń gbé oúnjẹ wá. Ó ní, “Bàbá, bí òjò bá lọ, kí ló máa ń fi sílẹ̀?” Mo ní omi ni. Ó ní, “Níbo ni omi náà ń dúró sí?” Mo fi ẹran tí ó gún fún mi sílẹ̀, mo dìde. Ní ẹ̀yìn ilé wa, ní ẹ̀yìn gbogbo ilé, kòtò wà níbi tí a ti gbẹ́ amọ̀ mọ ògiri. A kì í dí i. Bí ìlú ti ń gbòòrò ni kòtò ń pọ̀, bí kòtò ti ń pọ̀ ni òkìtì òkúta ń ga. Omi dúdú wà nínú wọn, ẹ̀fọn sì ń dìde níbẹ̀ bí èéfín.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, gbogbo ìlú dí kòtò. Ibà lọ. Ọba fẹ́ se àsè, mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró, nítorí ibà máa ń lọ ní ìgbà ọyẹ́ tẹ́lẹ̀, a kò sì tíì mọ ohun tí iṣẹ́ wa ṣe. Wọ́n bú mi pé èmi kì í jẹ́ kí ènìyàn jẹran. Àwẹ̀ró bí ọmọbìnrin. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo ń ka oṣù pẹ̀lú ẹ̀rù. Àgbàdo yọ irun. A dúró, àgbàdo gbó, a jẹ ẹ́. Òkúta tí wọ́n gbé sílẹ̀ lọ́dún náà kò tó òkìtì. Wọ́n wà, mi ò ní purọ́, àwọn ìyá wọn sì sunkún, àwa náà bá wọn sun ún. Mo ní kí a tún wo ọdún kejì, nítorí ọdún kan lè jẹ́ eruku. Ọdún kejì rí bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Oyèlámì wọ àgbàlá wa. Kò tíì bá Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀ láti ìgbà ọ̀rọ̀ ààfin. Ó gbé igbá omi tútù dání. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìyàwó tuntun máa ń dúró sí.

Àwẹ̀ró fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ju ẹni tó ń wẹ ẹsẹ̀ mi lọ.”

Ìyá Oyèlámì ní, “Dìde, ọmọ mi. Gbé e wá.” Ó wẹ ẹsẹ̀ náà méjèèjì, ó fi ìdí aṣọ ara rẹ̀ nù wọ́n. Ọmọ tó wà lẹ́yìn Àwẹ̀ró na ọwọ́ kékeré sísàlẹ̀, ó gbá gèlè Ìyá Oyèlámì mú, kò sì jẹ́ kó lọ. Obìnrin náà fi orí sílẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Ibi tí mo tọpa rẹ̀ dé nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ìbọn mi tún wúwo. Fẹ̀hìntọlá, gbé kọ̀ǹpútà yẹn sílẹ̀ díẹ̀, wá gbé ìbọn yìí wò. Ṣé ó fúyẹ́? Bó bá wúwo díẹ̀, ti awọ ẹfọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni.